Adájọ́ Ní Kò Tíì Mọ́

"Kò tíì mọ́, bàbá," ni Adájọ́ wí.

Olóyèdé di itan ara rẹ̀ mú lórí àga ìyàgbẹ́ náà, ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́tò gun òkè. Láti àárọ̀ ni àga yìí ti ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un, ohùn omidan tí ẹ ó rò pé ó fẹ́ bu omi tútù fún yín mu ni. Ìjọba ló fún un lóhùn bẹ́ẹ̀ kí ara lè máa tu àwọn àgbàlagbà. Ara Olóyèdé kò tù rárá.

"Kí ló wà níbẹ̀ tí kò mọ́?" ló béèrè. "Mi ò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti àná. Omi ni mò ń yà. Omi lásán."

"Omi ni lóòótọ́, ẹ kú ìnira. Ṣùgbọ́n ó pọ́n rúsúrúsú, nǹkan tínńtín bíi fọ́nrán òwú sì ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ẹ ti jẹ nǹkan, bàbá. Ẹ lọ mu agbálẹ̀ tó ń fọ ikùn yẹn sí i, kí ẹ padà wá. Ọkọ̀ Ṣágámù á dé ẹnu ọ̀nà yín nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀."

"Bí mo bá wí fún ọ pé mi ò jẹun ńkọ́?"

"Màá gbọ́," ni Adájọ́ fèsì. "Àmọ́ omi yín ni màá gbà gbọ́."

Ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ìdí rẹ̀ fún un, ó fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, ó sì rọra gbé e dìde bí ẹni ń lé àlejò tó ti pẹ́ jù. Lára ògiri, nínú àpótí gíláàsì tí kò ní ihò kọ́kọ́rọ́, hóró olójú ń ṣẹ́jú sí i. Kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Ó ní ojú níwájú, ó ní ojú lẹ́yìn. Inú ẹni tó bá gbé e mì ni yóò gbà kọjá láti ọ̀fun títí dé ìsàlẹ̀, yóò máa ya fọ́tò lọ lójú ọ̀nà bí àlejò tó kọ́kọ́ dé ìlú ńlá. Àpótí náà kì í ṣí àfi bí Adájọ́ bá gbà pé omi ẹni ti mọ́ gaara. Ẹni tí kò bá sì ní hóró olójú nínú, kò sí ẹni tó máa jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ lé Léfòó, ìlú tó léfòó lórí òkun.

Ní yàrá ìdáná, Ìyá Ìbíyẹmí, ìyàwó rẹ̀, ń jẹ ìkọ́kọrẹ́. Tirẹ̀ ti mọ́ láti àná, ìjókòó kan péré. Ìgbànú tó ń gba fọ́tò látinú ikùn rẹ̀ ṣì wà nídìí rẹ̀, àmọ́ òfin ti gbà á láàyè láti jẹun, kò sì fi ṣíbí ṣeré.

"Ó tún ní kò mọ́?" ló béèrè.

"Ó ní mo jẹun."

"Ṣé ẹ jẹun ni?"

"Ìwọ náà ń bi mí?" Olóyèdé na ọwọ́ sí kọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ìdérí ìkòkò náà pa dé kàá kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀. Fíríìjì ti ti ara rẹ̀ mọ́ ọn láti àárọ̀, agolo bísíkíìtì pàápàá ti mọ orúkọ rẹ̀. "Kí n má parọ́, mo ti ń rò ó pé bóyá nǹkan kan ń bọ́ sínú agbálẹ̀ tí ò ń pò fún mi. Ọwọ́ tí o fi ro ìkọ́kọrẹ́ yìí náà lo fi ń pò ó."

Ìyá Ìbíyẹmí gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bàbá Ìbíyẹmí, ẹ wojú mi. Láti ìgbà tí Ìbíyẹmí ti lóyún ni mo ti ń di ẹrù. Ọ̀túnla ni wọ́n máa sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ọkọ̀ tòní ló sì kẹ́yìn kí ìgbì òjò tó dé. Èmi ni mo wá máa da nǹkan sínú agbálẹ̀ yín?"

"Mi ò sọ pé o mọ̀ọ́mọ̀ dà á."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Bí oòrùn bá wọ̀ tí tiyín ò mọ́, màá lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wẹ ọmọ yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Olóyèdé wọra. Ìbíyẹmí ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ará Léfòó, orí ògiri amóhùnmáwòrán ni wọ́n ti ń rí i, ó wà níbẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, wọn ò sì lè fọwọ́ kàn án. Bàbá ti yan orúkọ fún ọmọ tuntun náà. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pè é sí i létí. Ẹnu tó tọ́jú fún orúkọ náà ló wá ń fi mu omi iyọ̀ láti àná.

Ó gbé jọ́ọ̀gì agbálẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Agbálẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mu kó yin Ọlọ́run. Àwọn tó ṣe é sọ pé adùn ọsàn ló ní. Bóyá wọn ò rí ọsàn rí. Olóyèdé mu kọ́ọ̀bù kan, ó gbọ̀n rìrì, ó mu òmíràn. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí, ó fa ìdì orín ata tó ti gé láti àná mọ́ra, kó lè fi nǹkan tó mojú rẹ̀ pa adùn burúkú náà lẹ́nu. Orín yìí nìkan ni Ìbíyẹmí ní kí ó mú bọ̀. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń fọ eyín ní Léfòó. "Ẹnu mi ń mọ́, bàbá," ló sọ lórí ògiri, "ṣùgbọ́n kì í ta. Ẹ bá mi mú orín ilé wa wá, èyí tó ń ta ẹnu." Olóyèdé kò fẹ́ kó jẹ́ pé orín tó ti kú ló máa gbé kọjá òkun. Ó ń tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń run ṣónṣó wọn títí ahọ́n rẹ̀ á fi ta, kó tó kó wọn sọ́tọ̀.

Ibẹ̀ ni Mùfútáù, aládùúgbò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, bá a. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ó fi agbádá bo nǹkan kan mọ́ ìhà. Ikọ́ mú un, ó hú u, ó fẹ́ tutọ́. Ọ̀pá olórí róbótó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yí orí sí i, iná pupa rẹ̀ tàn. Mùfútáù gbé gbogbo rẹ̀ mì gbì.

"Ilẹ̀ tí bàbá wa ń tutọ́ sí," ló wí, ó ń fọwọ́ ra ọ̀fun. "Ìjọba wá fi ọ̀pá ṣọ́ ọ, itọ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀."

"Fi ọ̀pá sílẹ̀. Jókòó."

"Adájọ́ ńkọ́?"

"Ó ní kò tíì mọ́."

"Mo mọ̀." Mùfútáù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa kẹ́ẹ̀gì kékeré kan yọ lábẹ́ agbádá. Omi inú rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè rò pé kẹ́ẹ̀gì náà ṣófo. "Gbà."

"Kí nìyẹn?"

"Tèmi ni."

Olóyèdé wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Tìrẹ báwo?"

"Tèmi tó jáde lára mi. Àná ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu agbálẹ̀ nítorí rẹ. Mo mọ̀ ọ́, ẹnu rẹ kì í dilẹ̀, mo ní kí n yáa múra sílẹ̀. Adájọ́ ilé mi yìn mí. Ó ní ó dà bí omi òjò."

Olóyèdé kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Ọ̀rẹ́ mìíràn á báni kọ́lé, òmíràn á báni ṣọ̀fọ̀. Kò gbọ́ rí pé ẹnì kan ṣu gbuuru láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Adájọ́ mọ itan mi," ló wí. "Bí o bá jókòó lé e, á mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

"Ta ló ní èmi ni màá jókòó? Ìwọ ni wàá jókòó. Wàá kàn rọra dà á sílẹ̀ láàárín itan. Àìmọye èèyàn ló ti gba ọ̀nà yẹn dé Léfòó."

Olóyèdé gba kẹ́ẹ̀gì náà. Ká má purọ́, ó gbà á kíákíá.

Ó padà sórí àga, ó di kẹ́ẹ̀gì mú sábẹ́ bùbá, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìdérí rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá," ni Adájọ́ wí. "Kí n tó wò ó, ẹ fọwọ́ kan ògiri, kí ẹ sọ pé tiyín ni."

Ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, kò sì kà á sí nǹkan kan. Ní báyìí ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ó rántí ohun tí Ìbíyẹmí máa ń sọ, pé omi kan ṣoṣo ni Léfòó ní. Ohun tó bá jáde lára ará ìlú, ẹ̀rọ á fọ̀ ọ́, á sì tún gba ẹnu ẹ̀rọ omi padà wá. Òun ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ. Ní ọdún tó kọjá, ẹnì kan gbé ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀ wọ ibẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, àwọn ọmọ ọwọ́ ló sì kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ àìsàn. Olóyèdé mọ̀ pé òun kò jẹun. Kí wá ló pọ́n nínú omi òun? Bó bá jẹ́ àrùn ńkọ́? Ẹ̀rù bà á gan-an, kì í sì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Ó ń rí ọmọ kékeré náà nínú bàsíà, omi ń ṣàn lé e lórí.

"Bàbá? Ṣé tiyín ni?"

"Mi ò tíì ṣetán," ló wí, ó sì dìde.

Nígbà tí Mùfútáù rí i pé kẹ́ẹ̀gì náà ṣì kún, ojú rẹ̀ fà ro. "O ò dà á?"

"Mi ò lè dà á. Má bínú. Mi ò mọ ohun tó wà nínú mi, mi ò sì lè gbé e lọ bá ọmọ."

"Pẹ̀lú bí ìdí ṣe ń ta mí tó yìí?"

"Mo mọ̀, Mùfútáù. Ọlọ́run á san án fún ọ."

"Ibo ni kí n wá gbé e gbà báyìí?" ni Mùfútáù béèrè. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé orí itan, ó jókòó tì í, ó ń wò ó pẹ̀lú àánú.

Ìyá Ìbíyẹmí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó jáde wá, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀. Òjìji ilé ti ń gùn kọjá ọgbà.

"Màá sọ fún Ìbíyẹmí pé ẹ gbìyànjú," ló wí.

"Àṣàbí, ìyàwó mi, máa lọ. Màá fi ara han dókítà lọ́la." Ó gbé ìdì orín náà lé e lẹ́sẹ̀. "Bá mi fún un. Sọ fún un pé kò sí èyí tó kú nínú wọn. Láti àná ni mo ti ń tọ́ wọn wò."

Ó ku ẹyọ kan tí kò tíì tọ́ wò. Ó kì í bọ ẹnu, kí ẹnu lè rí nǹkan ṣe yàtọ̀ sí ẹkún. Ó run ún, ó tún run ún, ó wo ọ̀pá olórí róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó sì gbé e mì.

"Kí lẹ gbé mì yẹn?" ni Ìyá Ìbíyẹmí béèrè.

"Itọ́ ni."

"Itọ́ nìkan?"

"Àti ohun tó bá wà nínú rẹ̀. Ibo ni kí n tu ú sí? Ṣé o ò rí ọ̀pá ni?"

"Ẹ ya ẹnu."

Ó ya ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, eyín rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, fọ́nrán igi tínńtín sì há sí gbogbo àlàfo ibẹ̀. Ìyá Ìbíyẹmí wo inú ẹnu náà pẹ́. Ó yẹ ìdì orín náà wò, gbogbo ṣónṣó rẹ̀ ti di búrọ́ọ̀ṣì, àwọn kan sì ti kúrú. Ó tún padà sí ẹnu.

"Ẹ ní ẹ ò jẹun," ló rọra wí.

"Mi ò jẹun. Orín ni. Ta ló ń jẹ orín?"

"Ìdajì igi wà nínú yín, Bàbá Ìbíyẹmí."

Mùfútáù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ikùn rẹ̀ tó ti ṣófo láti àná kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín pẹ́. "Mo sọ fún ọ," ló ń wí, ó di ikùn mú, "mo ní ẹnu rẹ kì í dilẹ̀." Ojú ti Olóyèdé, inú rẹ̀ sì dùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Kì í ṣe àrùn, orín ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ gbójú sókè wo ibi tí oòrùn dé, wọ́n sì jọ dìde.

Agbálẹ̀ ilé ti tán. Mùfútáù sáré lọ gbé èyí tó ṣẹ́kù nílé tirẹ̀, bí ẹni tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ ṣe lè sáré. Ìyá Ìbíyẹmí fi aṣọ tútù nu ahọ́n ọkọ rẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́, ó yọ fọ́nrán kúrò láàárín eyín rẹ̀, ó pò ó, ó dúró tì í. "Ẹ mu ún. Ẹ má wojú mi. Ẹ mu ún." Lẹ́yìn ìyẹn ló fún un ní oògùn tó ń pa ìfófòó inú ikùn, kí ojú hóró má bàa ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn náà ni ohun tó ní láti ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀, a ò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti mu agbálẹ̀ rí mọ ohun tí à ń wí. Ẹni tí kò bá tíì mu ún, ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀.

Oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ògiri nígbà tí Adájọ́ tún wo omi rẹ̀.

"Ó ti mọ́, bàbá," ló wí. "Ó mọ́ gaara."

Àpótí kò ṣí.

"Ó ku ìbéèrè kan," ni Adájọ́ wí. "Òfin ní kí n béèrè ohun tó pọ́n. Kí lẹ gbé mì?"

Olóyèdé lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Orín ata," ló wí.

"Kò sí lára ohun tí mo mọ̀. Ṣé oúnjẹ ni? Bó bá jẹ́ oúnjẹ, ẹ ó tún gbààwẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Kì í ṣe oúnjẹ."

"Ṣé oògùn ni? Bó bá jẹ́ oògùn, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ yín wò kí ọkọ̀ tó gbé yín."

Fèrè ọkọ̀ Ṣágámù dún níwájú ilé. Láti ìgbà tí òkun ti gba àwọn ìlú ìsàlẹ̀, tí Ṣágámù sì ti di etíkun, awakọ̀ ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

"Ohun tí a fi ń fọ eyín ni," ni Olóyèdé wí. "Ohun èlò ni, bíi kàn-ìn-kàn-ìn."

"Ohun èlò," ni Adájọ́ tún wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn omidan náà kò dán mọ́ bẹ́ẹ̀. "Bàbá, àwọn èèyàn kì í gbé ohun èlò mì."

"Èmi ń gbé e mì."

Fèrè tún dún. Mùfútáù ti wà lójú pópó, ó ń fi kẹ́ẹ̀gì dá awakọ̀ dúró, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Kò sí òfin tó ní kí ẹni tó gbé ohun èlò mì má wọkọ̀," ni Adájọ́ wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n mo ti ránṣẹ́ sí Léfòó pé ẹ kò gbọdọ̀ fọ eyín níbẹ̀ láìsí àgbàlagbà tó ń ṣọ́ yín."

"Màá máa ṣọ́ wọn," ni Ìyá Ìbíyẹmí dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

Àpótí ṣí. Olóyèdé fi omi díẹ̀ gbé hóró olójú mì, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Iṣẹ́ yẹn ti mọ́ ọ̀fun rẹ̀ lára. Ìyàwó rẹ̀ so ìgbànú mọ́ ọn nídìí, ìgbànú náà tan iná aláwọ̀ ewé, ògiri náà sì tàn. Òfin ní kí ẹni tó ń gba àlejò kọ́kọ́ rí inú àlejò rẹ̀, Ìbíyẹmí sì yọjú ní igun ògiri, ọmọ ọwọ́ wà ní èjìká rẹ̀. Ikùn Olóyèdé ló gba gbogbo ibi tó kù, ó tóbi tó ìlẹ̀kùn, ó pupa, ó ń dán, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ àfi fọ́nrán kan ṣoṣo tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, tó pọ́n rúsúrúsú.

"Bàbá, kí lèyí tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ yẹn?" Kí ó tó dáhùn, Ìbíyẹmí ti fọwọ́ bo ẹnu. "Orín ata ni. Ẹ ń tọ́ ọ wò fún mi."

Olóyèdé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ó ta?"

"Ó ta," ló wí. "Kò sí èyí tí kò ta nínú wọn."

Ìbíyẹmí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó gbé ọmọ náà, tí wọn kò tíì gbé sún mọ́ ògiri rí, ó yí i síwájú. "Wò ó," ló sọ fún un, "bàbá àgbà nìyẹn. Wọ́n ń bọ̀ lọ́nà." Ọmọ náà la ojú méjèèjì, ó tẹjú mọ́ inú ikùn bàbá àgbà rẹ̀. Olóyèdé tún ọrùn bùbá rẹ̀ ṣe, ó sì fa ikùn wọlé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò.